Obìnrin Tí A Ní A Kò Mọ̀

Riverdale,
Ọjọ́ Ajé.

Tóyìn, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Inú ń bí mi. Mo ti rò ó pé kí n kọ́kọ́ kí ọ dáadáa, kí n béèrè àlàáfíà rẹ àti bí iṣẹ́ tuntun náà ṣe ń lọ, kí n tó sọ ohun tó mú mi gbé bírò. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìbínú náà yóò ti rọ̀ kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀, n kò sì fẹ́ kó rọ̀. O mọ̀ pé mo máa ń kọ nǹkan sínú ìwé tèmi kí n tó sùn, pé ibẹ̀ ni mo ti ń bi ara mi ní ìbéèrè tí n kì í lè bi ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tí ìbéèrè kan ṣoṣo ti wà nínú ìwé náà. Ó tó kí n fi ránṣẹ́ sí ẹni tó kàn.

Jẹ́ kí n tò ó bí ojú mi ṣe rí i, bóyá tìrẹ rí i lọ́nà mìíràn.

Ẹgbẹ́ àwa ọmọ ìlú ní àwọn fẹ́ kó fọ́tò àti ìwé àtijọ́ Òkè-Àràbà jọ sínú ìwé ìlú kan, kí àwọn ọmọ tí a bí sí Amẹ́ríkà níhìn-ín lè mọ ibi tí òbí wọn ti ṣẹ̀ wá. Ìlú wa kéré. N kò tíì rí ìwé ìtàn tó ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ilé ìkàwé ti gbà ọ́ láti máa tọ́jú ìwé àtijọ́, wọ́n ní ìwọ ni kí o ṣe olórí iṣẹ́ náà. Inú mi dùn. Mo sọ ọ́ fún àwọn tí kò tilẹ̀ béèrè.

Ní ọjọ́ Sátidé náà, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn ènìyàn kó fọ́tò wá nínú àpò náílọ́ọ̀nù àti páálí bàtà. Ìwọ náà rí ẹni tó kó tirẹ̀ sínú ìkòkò ìrẹsì tuntun. Àǹtí Wúrà wá láti Clarkston, obìnrin tó ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, tó fi orúnkún rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ ní ilé àwọn arúgbó níbi tó ti ń gbé aláìsàn dìde fún ogún ọdún. Páànù bísíkíìtì kan ló gbé lé itan. Nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀: fọ́tò kan, àti ìwé àkọsílẹ̀ kan tí kòkòrò ti jẹ létí. Nínú fọ́tò náà, obìnrin kan dúró níwájú ilé alámọ̀, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ mọ́kànlá sì tò síwájú rẹ̀.

Uncle Láńre, alága wa, yí fọ́tò náà sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló wà níbẹ̀, wọ́n fi bírò kọ ọ́.

“Màmá,” ó kà á. “Màmá ta ni?”

“Màmá mi ni,” Àǹtí Wúrà dáhùn. “Àwọn ló dá ilé-ìwé yẹn sílẹ̀.”

“Àǹtí, ilé-ìwé Ajíbádé? Bàbá bàbá mi, Olóyè Ajíbádé, ló dá a sílẹ̀. Orúkọ wọn ló wà lára ògiri.”

“Mo mọ ẹni tó wà lára ògiri. Ta ló wà nínú yàrá?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Uncle Láńre náà rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí wa. “Ẹ ò rí Àǹtí wa. Orúnkún ló ń dùn wọ́n, ẹnu ò dùn wọ́n rárá.”

Ó wá ṣí ìwé àkọsílẹ̀ náà. Mo ti kà á kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ ilé-ìwé ló wà níbẹ̀, àti ẹni tó wá lójoojúmọ́. Ní ojú ewé kan, obìnrin inú fọ́tò náà kọ ọ́ pé Olóyè Ajíbádé wá mú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì lọ, pé ó ní ìwé kíkà kò ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ti ọkọ. Uncle Láńre ka ibẹ̀, ó pa ìwé náà dé.

“Ẹ jẹ́ ká fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. A ò wá síbí láti da ìdílé ẹnikẹ́ni rú. Tóyìn, fọ́tò tí kò bá lórúkọ, kí lẹ máa ń kọ sí i níbi iṣẹ́ yín?”

“Unknown ni, Uncle. Ẹni tí a kò mọ̀.”

“Ó dáa. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí àlàáfíà wà.”

O sì kọ ọ́. “Obìnrin kan tí a kò mọ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ìwé.” Ọmọ tí obìnrin náà bí jókòó sí ibi tí ọwọ́ rẹ lè tó. Kò pariwo. Ó kàn ní, “Ẹni tó bí mi ni ẹ ní ẹ ò mọ̀,” ó sì bẹ̀ wá pé kí ẹnì kan gbé òun délé. Páànù rẹ̀ dúró sọ́dọ̀ rẹ, nítorí kò lè gbé e pẹ̀lú ọ̀pá.

Tóyìn, ìwọ lo sọ fún mi, ní ọ̀sẹ̀ tí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé bí ẹnikẹ́ni bá gbé nǹkan wá, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ń kọ ni orúkọ ẹni tó gbé e wá àti ohun tó sọ nípa rẹ̀. O sọ ọ́ pẹ̀lú ìyangàn. Kí ló gbé òfin yẹn pamọ́ nígbà tó di ọ̀dọ̀ àwa ará ilé? Ṣé fún àwọn òyìnbó nìkan ni o ń ṣe iṣẹ́ rẹ bí iṣẹ́?

Mo ti bá ọ wí. Ó kù kí n bá ara mi wí, tèmi ló sì burú jù. Èmi ni mo fi ọwọ́ mi kọ “Màmá” sẹ́yìn fọ́tò yẹn.

Jẹ́ kí n fi nọ́ńbà sí àwọn àṣìṣe mi, bóyá wọn kò ní sá mọ́ mi lọ́wọ́.

Èkíní. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà ní ilé-ìwé náà. Wọ́n fẹ́ ṣe ìwé pélébé kan fún àjọ̀dún ilé-ìwé, ọ̀gá wa sì ní kí n lọ yá fọ́tò lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí n kọ orúkọ sẹ́yìn wọn kí wọ́n má bàa sọnù. Mo lọ bá obìnrin yìí nílé. Òun ló kọ́ mi ní A, B, D nígbà tí mo ń ká eyín. Ó ti darúgbó, ó ń pa ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà. Ó fún mi ní fọ́tò náà, ó sì ní, “Kọ orúkọ mi sí i o, Oyè. Kọ ọ́ pé.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Màmá, ta ni kò mọ̀ yín?”

Ó wò mí. Ó ní, “Kọ ọ́ ṣáá.”

N kò lè kọ ọ́. Mo gbé bírò, ọwọ́ mi kọ̀. Wọ́n ti tọ́ mi pé ọmọ kì í pe àgbà lórúkọ, bí mo bá sì pè é lórúkọ nínú ìwé, ó dà bí ìgbà tí mo pè é lórúkọ lójú ọjà. Mo kọ “Màmá”. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni mo lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo kọ “Bàbá Òkè” sẹ́yìn òmíràn, àti “Ìyá Ìta”, àti “Bàbá Kékeré”. Ogún fọ́tò, bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí orúkọ gidi kan níbẹ̀. Nígbà tí ìwé náà jáde, Olóyè Ajíbádé nìkan ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, nítorí pé ó ti kọ ọ́ fúnra rẹ̀ kó tó fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Fọ́tò Màmá kò sí níbẹ̀ rárá. Mo dá a padà fún un, mo dúpẹ́, mo dọ̀bálẹ̀. Kò yí i sẹ́yìn lójú mi. Mo máa ń bi ara mi bóyá ó yí i nígbà tí mo lọ.

Nítorí náà, gbọ́ èyí, ọmọ mi: ọ̀wọ̀ tó bá pa orúkọ ènìyàn rẹ́ kì í ṣe ọ̀wọ̀ mọ́. Kúnlẹ̀ fún àgbà. Sọ “ẹ” fún wọn. Má pè wọ́n lórúkọ sí ojú wọn títí ọjọ́ ikú. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, kọ orúkọ wọn pé: ti àbísọ, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí, ti bàbá wọn, àti èyí tí ọjà fi ń pè wọ́n. Wo inú fóònù rẹ báyìí. “Aunty Choir”, “Mummy Douglasville”, “Uncle Tax”. Ní ọdún tó kọjá mo bi ọ́ ní orúkọ ìyá tó bí mi, o ní “Grandma Ìbàdàn”. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn náà. N kò mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Èkejì. Nígbà tí bàbá mi kú, a pín aṣọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pín in, àgbà gba ti àgbà. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ń kọ́? Àpótí igi kan ló kún fún lẹ́tà àti rìsíìtì kòkó. Ìyá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń ta àkàrà, ó ní ìwé náà yóò dára fún wíwé. Gbogbo wa gbà. A tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó bá wa palẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ kan, mo jẹ ẹ́ tán, mo sì rí ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá mi lábẹ́ epo. Lẹ́tà tó kọ sí ìyá mi kí wọ́n tó fẹ́ra wọn ni. Ó ní òun ti ra bàtà fún un ṣùgbọ́n òun kò mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀, pé kí ó fi okùn wọ̀n ọ́n kí ó... Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya á. Mo sáré padà lọ bá Ìyá alákàrà. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ní kí n kó o.” Òótọ́ ló sọ.

Mo sọ ìyẹn kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ọ̀tá ló máa ń run ìwé ìlú. Àwọn ará ilé tó ń palẹ̀ mọ́ ni. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé kí ẹ fi ohun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ẹ̀gbẹ́ wo, fún ìgbà wo, àti nítorí ta ni. Kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá fẹ́ kí o kọ ọ́, ó ti dá ọ lóhùn nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni pé mo jókòó. Mo mọ ẹni tó wà nínú fọ́tò náà, mo mọ ẹni tó kọ ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ lé itan bí ẹni tó wá kí ìyàwó. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, ọmọ tuntun náà sì ni ọ́. Kí ló dé? O mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a dé orílẹ̀-èdè yìí, Uncle Láńre ló gbà wá sílé fún oṣù méje. Yàrá ọmọ rẹ̀ ni a sùn sí. Òun ló kọ́ mi ní mọ́tò wíwà, òun ló mú mi lọ síbi iṣẹ́ ní Douglasville. N kò lè gbàgbé, n kò sì fẹ́ kí o gbàgbé, nítorí ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ṣùgbọ́n mo ti ronú sí i fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Oore tó ṣe fún wa, ọ̀dọ̀ wa ló ti yẹ kí ó gba ẹ̀san rẹ̀. Ìyá Àǹtí Wúrà kò sùn nínú yàrá ẹnikẹ́ni. Kí ló dé tí a ó fi orúkọ tirẹ̀ san oore tí wọ́n ṣe fún wa?

N kò mọ nọ́ńbà tó kàn mọ́. Jẹ́ kí n sọ ti arábìnrin tí a jọ ṣiṣẹ́ ní Douglasville. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, aláwọ̀ dúdú, olórìṣà, ó ti fún ara rẹ̀ ní orúkọ Yorùbá, Ọ̀ṣunkẹ́mi, ó sì máa ń bi mí bí wọ́n ṣe ń pè é gan-an. Nínú ọkàn mi mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọjọ́ kan, nígbà ìsinmi, ó fi ìwé kan hàn mí nínú fóònù rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ohun ìní ọkùnrin òyìnbó kan tó ní ẹrú láyé àtijọ́ ni. Ó ti ń wá ìwé náà láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge. Ó tọ́ka sí ìlà kan: obìnrin kan, ọmọ ogún ọdún. Kò sí orúkọ. “That's her,” ó ní. “That's my grandmother's grandmother. Ibẹ̀ yẹn ni gbogbo rẹ̀ parí sí.” Yorùbá tó gbọ́ ló fi parí gbólóhùn náà, pẹ̀lú ohùn tó wọ́, n kò sì lè ṣe yẹ̀yẹ́ kankan mọ́.

Àwọn tó kọ ìlà yẹn kò ka ìyá rẹ̀ sí ènìyàn. Àwa tí a ń dọ̀bálẹ̀ fún ìyá wa, kí ni àwíjàre tiwa? Ìlà kan náà ni ìwọ pẹ̀lú èmi kọ, Tóyìn. Èmi fi ọ̀wọ̀ kọ tèmi, ìwọ fi àlàáfíà kọ tìrẹ. Ẹni tó bá kà á ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i kò ní mọ ìyàtọ̀.

Mo mọ̀ pé o máa sọ pé mo ti dàgbà, bóyá n kò rántí dáadáa mọ́. Ó tọ́ kí o sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń ṣiyèméjì. Mo ti ka ìwé ìtàn débi pé n kì í gba ojú ewé àkọ́kọ́ gbọ́ mọ́, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fún wọn láyè. Mo tilẹ̀ ń bi ara mi bóyá kó-fọ́tò-jọ yìí wúlò, bóyá kì í ṣe pé àwa tó sá kúrò ní ìlú náà ń wá ohun tí a ó fi tu ara wa nínú ni. Nítorí náà, má gbà mí gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Kọ ọ́ pé èmi ni mo sọ ọ́, kọ ibi tí mo wà nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ já mi ní irọ́ mọ ẹni tó ń já. Kọ ti Uncle Láńre náà sábẹ́ rẹ̀, kí ó má ṣe kù síta. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ògiri. Ẹ̀rí tiwa ni ìwé àkọsílẹ̀ náà. Kí àwọn tó ń bọ̀ wò wọ́n papọ̀.

Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, mo pe Àǹtí Wúrà.

“Ìwọ náà wà níbẹ̀, Oyè,” ó ní, kí n tó kí i tán.

“Mo wà níbẹ̀, Àǹtí.”

“Mo rí ọ. Àga yẹn bá ọ lára mu.”

Mo sọ ti bírò fún un. Mo sọ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ lẹ́nu ọ̀nà ọjọ́ náà.

“Wọ́n yí i,” ó ní. “Wọ́n yí i wò nígbà tí o lọ. Wọ́n ní, ‘Ọmọ dáadáa ni, ẹ̀rù ló bà á.’”

Mo tọrọ àforíjì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi páànù náà sílẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ, pé a ó tún un ṣe. Ó ní rárá. Ó ní, “Ẹ bá mi gbé páànù mi wá. Bí ẹ bá ti mọ̀ wọ́n tán, ẹ tún wá béèrè.”

Nítorí náà, èyí ni ohun tí mo fẹ́. Mo mọ̀ pé ní ẹnu iṣẹ́ yín, ẹ máa ń ya ohun gbogbo sínú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó dá a padà. Mo mọ̀ pé fọ́tò náà lè bàjẹ́ ní Clarkston, pé obìnrin náà ti dàgbà, pé a lè má rí i mọ́. Síbẹ̀, má yà á. Má ya ìwé àkọsílẹ̀ náà. Tirẹ̀ ni. Ó fi fún wa nítorí ó rò pé a mọ̀ wọ́n, a sì ní a kò mọ̀ wọ́n; kò sí ohun tí ó tún kù tí a lè fi gba ohun rẹ̀ mú. Ní Sátidé yìí, kí mítìn tó bẹ̀rẹ̀, wá gbé mi, ká jọ gbé páànù náà lọ. Èmi ni n ó gbé e wọlé. Ìwọ ni o ó sọ̀rọ̀, nítorí ọwọ́ rẹ ló kọ ti ìkẹyìn. Má sọ gẹ̀ẹ́sì fún un. Bí ohùn rẹ bá wọ́, jẹ́ kó wọ́.

Láti ibẹ̀ a ó lọ sí mítìn. N ó dìde, n ó sọ fún Uncle Láńre níwájú gbogbo ènìyàn pé ọwọ́ mi ló kọ “Màmá”, pé mo sì mọ ẹni tí màmá náà ń ṣe. Bóyá kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Oṣù méje yẹn yóò máa dùn mí títí. N ó máa kí i bí mo bá rí i, yálà ó dáhùn tàbí kò dáhùn.

Jẹun kí o tó lọ síbi iṣẹ́, kí o sì máa mú súwẹ́tà dání. O ní yàrá ìwé yẹn tutù. Ọlọ́run á tì ọ́ lẹ́yìn. Mo ṣì ń fi ọ́ yangàn, ìdí nìyẹn tí mo fi bínú tó báyìí.

Lójú ewé tí fọ́tò náà ì bá wà nínú ìwé ìlú, má fi òmíràn sí i. Fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, kí o sì kọ èyí sábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́:

Dọ́kásì Ojúọlápé Awóyẹlé, tíṣà, ẹni tó dá ilé-ìwé Òkè-Àràbà sílẹ̀, pẹ̀lú ọmọ mọ́kànlá. Fọ́tò rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, tí a kò gbà gbọ́. Ẹni tó sọ èyí ni Sámúẹ́lì Oyèlérè Adéọ̀ṣun, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ẹni tí ó ní kó kọ orúkọ òun, tí kò kọ ọ́.

Bàbá rẹ.